Valeria: ṣé jagunjagun ni, tàbí aya Conan lásán?

Ìbéèrè òǹkàwé kan láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo):

Mo ti wo fíìmù Conan ti ọdún 1982 lẹ́ẹ̀mejì, nítorí gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé kò sí obìnrin jagunjagun inú eré àròsọ tó dà bí Valeria. Ohun tí mo rí kò ju obìnrin kan tí wọ́n pa kí ọkùnrin lè rí ìdí bínú lọ. Ó jalè, ó fẹ́ràn ọkùnrin, ó kú, ọkùnrin gba ògo. Kí ló sọ ọ́ di akọni? Àti pé àwa tí a bí sí Bẹ̀nẹ̀, tí a ní àwọn obìnrin ọmọ ogun Dàhọ̀mì tí gbogbo ayé mọ̀, kí ni a ń wá lọ sínú àròsọ àwọn ará Amẹ́ríkà? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ má kàn bú mi.

*

Láti Kétu ni mo ti ń dá yín lóhùn, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ tọ́. Kì í ṣe ikú Valeria ló fún Conan ní ìdí láti bínú. Ìdí yẹn ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti kékeré, nígbà tí Thulsa Doom, ẹni tí James Earl Jones ṣe, kó ogun wọ ìlú wọn, tí wọ́n pa bàbá rẹ̀, tí ó sì bẹ́ ìyá rẹ̀ lórí níbi tí ọmọ náà ti di ọwọ́ ìyá mú. Bí Valeria kò bá tilẹ̀ sí nínú eré náà rárá, Conan yóò ṣì wá ọkùnrin yẹn lọ. Ohun tí Valeria mú wọ inú ìtàn náà yàtọ̀ sí ìbínú. Òun nìkan ló fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ gbèsè kan, tí ó sì san án.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ti wò ó tipẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rán wa létí bí ó ṣe rí. Conan dá lọ bá ọ̀tá rẹ̀, wọ́n mú un, wọ́n sì kàn án mọ́ igi gbígbẹ kan ní aṣálẹ̀. Subotai, tafàtafà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn, ló rí i níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ ti fẹ́ bọ́. Wọ́n gbé e lọ bá oṣó kan tó ń dá gbé láàárín ibojì àwọn ọba àtijọ́. Oṣó náà kọ àmì sí gbogbo ara rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún Valeria pé àwọn ẹ̀mí ibẹ̀ yóò wá mú ọkùnrin náà lóru, àti pé bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ wọn, ohun tí àwọn òrìṣà yóò béèrè yóò wúwo. Valeria dáhùn pé òun yóò san án. Kò béèrè iye tí ó jẹ́. Kò ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rò ó. Nígbà tí àwọn ẹ̀mí náà dé, tí wọ́n ń fa ọkùnrin náà lọ, òun àti Subotai bá wọn jà títí wọ́n fi jọ̀wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá lọ gbé ọmọbìnrin ọba Osric jáde ní ilé Thulsa Doom, ejò kan tí ọkùnrin náà nà títí ó fi le gbandi bí ọfà ló ta lé Valeria. Bí ó ṣe ń kú lọ, ó rán Conan létí ọ̀rọ̀ tí òun bá oṣó sọ, pé òun yóò san án fún àwọn òrìṣà. Ẹni tó bá ní wọ́n kàn pa á ni, kó padà lọ wo ibi tí oṣó ti kìlọ̀ fún un, nítorí ibẹ̀ ni ikú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

*

Èrò tó pọ̀ jù nínú àwọn èsì tí mo ti kà kò tilẹ̀ kan ikú rẹ̀. Ìjà rẹ̀ ni wọ́n ń jiyàn lé. Arákùnrin kan láti Ṣábẹ, tó ní ọdẹ ni àwọn nílé àwọn, sọ pé obìnrin tí ara rẹ̀ tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ kò lè fi idà dúró níwájú ọkùnrin mẹ́ta, pé ẹ̀tàn kámẹ́rà ni gbogbo rẹ̀. Àwọn méjì mìíràn gbè é lẹ́sẹ̀.

N kò gbà. Sandahl Bergman tó ṣe Valeria kì í ṣe ẹni tí wọ́n kàn mú nítorí ẹwà. Oníjó ni, ó ti jó ní àwọn gbọ̀ngàn eré ńlá Broadway ní New York kí wọ́n tó fún un ní idà. Olùkọ́ idà ará Japan kan, Kiyoshi Yamazaki, ló kọ́ òun àti Arnold Schwarzenegger àti Gerry Lopez tó ṣe Subotai, ẹni tí fífi pátákó gun ìgbì òkun jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Àwọn ibi eléwu tí a rí i nínú eré náà, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe wọ́n. Nínú ìjà kan, ẹni tó ń bá a ta idà kò tẹ̀ lé ètò tí wọ́n ti fi kọ́ wọn, idà rẹ̀ sì la ìka obìnrin náà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Golden Globe ti òṣèré tuntun nítorí iṣẹ́ yìí. Kámẹ́rà kò lè la ènìyàn níka.

Ẹ̀yin ará Kétu àti Pòbẹ̀ tí ẹ ń wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti kékeré, ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ lóye obìnrin yìí. Ẹ rántí ẹni tó ru ère igi lórí, tí aṣọ rọ̀ mọ́ ọn ní ìpele-ìpele, tí irin wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ìlù sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ fèsì. Ìlù yí ọ̀rọ̀ padà, ẹsẹ̀ yí i padà pẹ̀lú. Ìlù sì dákẹ́ lójijì, irin ẹsẹ̀ náà dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí èyí tó fi ìró kan ju èkejì lọ. Kì í ṣe apá ni oníjó náà fi ń ru ẹrù yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Valeria ṣe ń jà. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà mìíràn, ẹ fi idà sílẹ̀. Ó ti kúrò níbi tí idà ọ̀tá ń bọ̀ kí idà náà tó dé. Conan ń jà bí ẹni tó ń la igi. Agbára rẹ̀ ló gbé e. Valeria kò ní agbára yẹn, kò sì wá a.

Arákùnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdẹ, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó mọ ìrìn nínú igbó ló ń padà wálé, àní bí ìbọn rẹ̀ bá kéré.

*

Ẹnì kan kọ ọ́ pé Ọya ni Valeria. Mo lóye ohun tó ń wí: aya tó rorò ju ọkọ rẹ̀ lọ, tó ń ṣáájú ọkọ lọ sójú ìjà. Ṣùgbọ́n Mọremí ni mo rí lára rẹ̀ jù, ọ̀rọ̀ ilé sì ni ọ̀rọ̀ Mọremí fún àwa Kétu tí a ti Ifẹ̀ wá. Mọremí jẹ́ kí àwọn tó ń kó Ifẹ̀ lẹ́rú mú òun lọ, kí ó lè mọ àṣírí wọn. Kí ó tó lọ, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹsinmìrìn láìmọ ohun tí odò yóò béèrè. Nígbà tí odò wá béèrè, Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ni ó béèrè. Bí àwọn méjèèjì ṣe la ẹnu wọn láìmọ iye rẹ̀ ló bá ara mu. Ibi tí wọ́n ti pínyà ni pé ọmọ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ Mọremí, ó sì wà láàyè láti máa rántí rẹ̀. Ní ti Valeria, òun gan-an ni wọ́n gbà. Èmi kò lè sọ èyí tó le jù.

*

Mo ti fi ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ọmọ ogun Dàhọ̀mì sílẹ̀ di ìsinsìnyí, nítorí pé n kò lè sọ ọ́ ní ìlà méjì.

Ẹni tó béèrè ìbéèrè yìí ń gbé ní Àjàṣẹ́, ó sì dájú pé nígbà tí ó bá wọ Kútọ̀nú, ó ń rí ère obìnrin jagunjagun tí wọ́n ṣí ní ọdún 2022, èyí tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 30. Ère tó dára ni, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ní kí ará Kétu fi àwọn Agojie, ìyẹn àwọn obìnrin ọmọ ogun Dàhọ̀mì náà, rọ́pò Valeria lọ́kàn rẹ̀, ẹ rántí ẹ̀gbẹ́ odi tí a wà nígbà tí wọ́n dé. Ní ọdún 1886, ogun Glele, ọba Dàhọ̀mì, tọkùnrin tobìnrin, dó ti Kétu títí ebi fi wọ ìlú. Odi wa ga, yàrà wa jìn, Àkàbà Ìdènà tí àwọn àlejò ń wá wò lónìí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n odi kò lè dáàbò bo ikùn. Wọ́n ba ìlú jẹ́, wọ́n sì kó àwọn tó kù lọ sí Agbómẹ̀, olú ìlú Dàhọ̀mì. Ó di ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì kí àwọn tó ṣẹ́kù tó lè padà wá tún Kétu kọ́.

Ìyá tó bí ìyá mi àgbà wà lára àwọn ọmọdé tí wọ́n kó lọ. Ohun tí ìyá àgbà gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, tí òun náà sọ fún wa, ni pé obìnrin ló fà á jáde nínú àká tí wọ́n fi í pamọ́ sí. Kò rántí ojú obìnrin náà. Ó rántí pé ọwọ́ rẹ̀ ń rùn fún tábà, àti pé ó tún ìró ọmọdé náà so fún un kí ó tó tì í síwájú.

Ìgboyà wọn kò sí lábẹ́ àríyànjiyàn. Àwọn Ẹ̀gbá tó lé wọn padà ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1851 àti ní ọdún 1864 mọ bí wọ́n ṣe ń jà, àwọn ọmọ ogun Faransé tó kojú wọn lẹ́bàá Àjàṣẹ́ ní ọdún 1890 náà sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo ń bá yín jiyàn lé ni pé ẹ pe Valeria ní aya Conan lásán, ẹ sì wá fi àwọn obìnrin yìí ṣe òdìkejì rẹ̀. Nínú òfin Dàhọ̀mì, aya ọba ni a ka gbogbo wọn sí. Wọn kò gbọdọ̀ ní ọkùnrin mìíràn, ibi tí ọba bá nawọ́ sí ni wọ́n ń lọ, àwọn kan lára wọn sì jẹ́ ọmọ tí wọ́n kó lójú ogun kí wọ́n tó fún wọn ní ìbọn. Bí a bá wá ń wá obìnrin jagunjagun tí kì í ṣe aya ẹnìkan, kì í ṣe ibẹ̀ ni a ó ti rí i. Valeria kò ní ọba. Osric fi ohun ọ̀ṣọ́ iyebíye bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ ni. Valeria fẹ́ kí àwọn kó èyí tí wọ́n ti rí gbà kí àwọn sì máa lọ, ó sì sọ ọ́ jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló yan ẹni tí yóò torí rẹ̀ kú, kò sì sí ẹni tó pàṣẹ fún un.

Arábìnrin kan tó ní Agbómẹ̀ ni òun ti lọ́kọ fèsì sí mi pé nígbà tí Faransé dé, ilẹ̀ bàbá wọn ni àwọn obìnrin náà ń jà fún, wọ́n sì kú lé e lórí. Òótọ́ ni. Mo gbà á fún un tọkàntọkàn, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa bú ìdílé ọkọ rẹ̀ nítorí ohun tí mo kọ. Ṣùgbọ́n kí òun náà jẹ́ kí ọmọ Kétu fẹ́ràn akọni tí kò wọ ilé wa.

*

Ní kúkúrú, nítorí pé ọ̀rọ̀ ti ń ya: àwọn mẹ́rin ti dárúkọ Zula, tí Grace Jones, ọmọ Jàmáíkà, ṣe nínú Conan kejì ní ọdún 1984. Inú mi dùn nígbà tí mo rí obìnrin dúdú tó di ọ̀pá mú, tí gbogbo ọkùnrin ń sá fún, kò sì sí ohun tó burú nínú kí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé eré náà kò fún un ní ohunkóhun láti pàdánù. Ní ti Red Sonja ti ọdún 1985, Brigitte Nielsen ló di idà mú, Sandahl Bergman fúnra rẹ̀ sì padà wá gẹ́gẹ́ bí ayaba burúkú. Ẹ wò ó bí ẹ bá ní àkókò.

Ẹni tó ní àwọn tó kọ eré náà kàn fi Valeria kún un kí ọkùnrin má baà dá rìn, kò tọ̀nà. Robert E. Howard, òǹkọ̀wé tó dá Conan sílẹ̀, ti kọ Valeria sínú ìtàn kan tí ó jáde ní ọdún 1936, níbi tí ó ti jẹ́ obìnrin jagunjagun tó ti jalè lójú òkun. Ọ̀rọ̀ pé obìnrin kú, tó sì padà wá láti gba olólùfẹ́ rẹ̀ là, ti ara obìnrin mìíràn wá, Bêlit, nínú ìtàn ọdún 1934. John Milius tó darí fíìmù náà ló pa àwọn méjèèjì pọ̀ di ẹnì kan. Ìdí nìyí tí Valeria inú fíìmù fi wúwo ju àwọn tó kù lọ: obìnrin méjì ló wà nínú rẹ̀.

*

Òǹkàwé Àjàṣẹ́ ti padà wá. Ó ní òun gba ọ̀rọ̀ gbèsè, ṣùgbọ́n pé obìnrin tó ń bẹ ọkùnrin pé kó má lọ, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kì í ṣe jagunjagun ní àkókò yẹn.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí Conan dá lọ, ó sọ fún un pé gbogbo ayé òun ni òun ti fi dá rìn, pé òun ti kojú ikú nígbà púpọ̀ láìsí ẹni tí yóò mọ̀, àti pé nínú òkùnkùn àti òtútù òun a máa wo inú ahéré àti àgọ́ àwọn ẹlòmíràn, òun a rí wọn tí wọ́n di ara wọn mú, òun a sì kọjá lọ.

Ìyá mi ń ta gàrí. Ìlárá ni ó máa ń ná jù, níbi ààlà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e nígbà tí mo di ọmọ ọdún méjìlá. Ìgbà mìíràn wà tí ọkọ̀ kò sí mọ́ nígbà tí a bá parí ọjà, a ó sì fi ẹsẹ̀ rìn títí a ó fi rí ẹni tí yóò gbé wa. Mo rántí alẹ́ kan nínú oyẹ́. Igbá àti agbọ̀n òfìfo wà lórí ìyá mi, owó ọjọ́ náà wà lábẹ́ ìró rẹ̀, ọ̀bẹ kékeré kan sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí kò jẹ́ kí n rí. A kọjá lára ilé kan tí àtùpà ń jó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Wọ́n jókòó yí àwo kan ká, bàbá, ìyá, àwọn ọmọ. Òórùn ẹja yíyan gba gbogbo ojú ọ̀nà. Mo dúró. Ìyá mi kò dúró. Ó kàn sọ láìbojú wẹ̀yìn pé, "Má wo ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ yóò wúwo." Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ pé kò ní lè sọ bẹ́ẹ̀ bí òun náà kò bá ti wò ó rí.

Nítorí náà, nígbà tí Valeria ń bẹ Conan, ẹni tó ti kọjá lẹ́nu ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ pé òun ti rí ilé tòun, òun kò sì fẹ́ jáde níbẹ̀ mọ́. Ó bẹ̀ ẹ́, Conan sì lọ. Kò bínú padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó lọ wá a, ó sì bá àwọn ẹ̀mí du ú. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí kò mọ ohun tí òun ń pàdánù ni, ìjà yẹn kì bá tó nǹkan.

*

Ìbéèrè tó kù nìyí, láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé Àjàṣẹ́ kan náà: ó ní nínú ogun ìkẹyìn, nígbà tí Rexor, ọmọ ogun Thulsa Doom, fẹ́ pa Conan, ìrísí Valeria tàn bí mànàmáná, ó gbà á là, ó sì pòórá, pé kò ju kí ènìyàn ṣẹ́jú lọ. Ó ní ṣé gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn?

Mo bá a gbà pé ó kéré. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, eré náà kò dárúkọ rẹ̀ tó bó ti yẹ, Conan ló sì jókòó lórí ìtẹ́ nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí. Èyí dùn mí títí di òní. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé mànàmáná yẹn ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìsìnkú rẹ̀ ni.

Ilé wa ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Àbúrò bàbá mi gbé ẹ̀rọ fídíò dé láti Kútọ̀nú nígbà Iléyá, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n sí àgbàlá, gbogbo agbo ilé sì jókòó sórí ẹní. Èdè Faransé ni wọ́n ń sọ nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, àbúrò bàbá mi sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn àgbà. Ìyá àgbà wà níbẹ̀, kò sọ nǹkankan nígbà tí wọ́n ń jà. Nígbà tí wọ́n to igi, tí wọ́n tẹ́ Valeria sórí rẹ̀, tí Conan fi iná sí i, oṣó béèrè lọ́wọ́ Subotai pé kí ló dé tó ń sunkún. Subotai dáhùn pé Conan jẹ́ ọmọ Cimmeria, kò ní sunkún, nítorí náà òun ń bá a sun ún.

Ìyá àgbà ní kí ó tún un túmọ̀. Ó tún un túmọ̀.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó kú?"

"Ọkọ rẹ̀ ni, ìyá. Òtútù ń mú un, ọkọ rẹ̀ sì gbé e mọ́ra."

"Àwọn ló wá to igi yẹn fún un?"

"Àwọn ni, ìyá."

Ó ní kí ó dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà síbẹ̀. A tún wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ iná náà, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ àfi òun. Orúkọ ló ń pè, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìgbé ohùn sókè: àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sin ní ọdún tí Kétu fọ́. Orúkọ wọn kò tíì tán nígbà tí iná inú tẹlifíṣọ̀n kú, àbúrò bàbá mi sì fi ọwọ́ dá ẹ̀rọ náà dúró títí ó fi pè wọ́n tán.